Kókó Inú Àpò-Ìtọ̀ Ọmọdé: Ìdámọ̀ Àrùn àti Yíyan Èdè-Ìperí

1. Ìfáàrà

Bí ọmọdé bá ń tọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ kan ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn àgbà: àtọ̀sí ajá. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí ó wà nínú àpò-ìtọ̀ ọmọ náà yàtọ̀, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì lè pa ọmọ náà bí a kò bá tètè dá a mọ̀. Ẹ̀wẹ̀, nínú àwọn ìwé pélébé ìlera tí a túmọ̀ fún àwọn òbí, a máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, jẹjẹrẹ, ni a fi dúró fún ohunkóhun tí ó bá yọ kókó nínú ara. Orúkọ kìíní wọ́pọ̀ jù, orúkọ kejì bani lẹ́rù jù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì lè dí ojú-ọ̀nà ìdámọ̀ àrùn kí oníṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti tẹ̀lé ọ̀nà tí oníṣègùn ń gbà dá kókó inú àpò-ìtọ̀ ọmọdé mọ̀, kí a sì yan ọ̀rọ̀ tí ó bá ìpele kọ̀ọ̀kan mu. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí a ti mọ̀ lọ.

Kì í ṣe pé a kò ní ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti fi ọ̀nà hàn wá. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ náà dá lé, ìṣègùn kò sí lára ohun tí a gbé lé àwọn onímọ̀ náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó sì di Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́-Ìṣègùn ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà náà, tí àwọn ògbufọ̀ ti ń dúró láàrin dókítà àti ìyá ọmọ ní ìlú yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò kò sí nínú ìwé kankan tí a rí kà.

2. Àpò-ìtọ̀ àti kókó

Orúkọ méjì ni a ń gbọ́ fún ibi tí ìtọ̀ ń gbé kí ó tó jáde: ilé-ìtọ̀ àti àpò-ìtọ̀. Ilé-ìtọ̀ kò burú. Ó bá ilé-ọmọ dọ́gba. Ṣùgbọ́n àpò ni àwa yàn, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà. Àpò máa ń kún, ó máa ń fẹ̀, ó máa ń tú, ó sì máa ń súnkì. Ara rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, ó sì lè nípọn. Ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò ṣàlàyé fún ìyá ọmọ ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ mu omi kí a tó ya àwòrán inú rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà, àpò, ti ṣe ìdajì àlàyé fún un. Láti inú kíndìnrín méjèèjì ni ìtọ̀ ti ń ṣàn wá sínú àpò yìí. Ọ̀nà méjì tí ó ń gbà wá ni a pè ní ọ̀nà-ìtọ̀ òkè, èyí tí ó ń gbà jáde kúrò lára ni ọ̀nà-ìtọ̀ ìsàlẹ̀.

Kókó ńkọ́? Ẹni tí ó bá la igi mọ ohun tí kókó jẹ́. Ibi líle tí ó rú sókè ni, a sì lè rí i kí a má mọ ohun tí ó fà á. Àǹfààní ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Eéwo ti sọ pé ọyún wà nínú rẹ̀. Wíwú lè jẹ́ omi lásán. Ìju jẹ́ ti ilé-ọmọ obìnrin, ẹni tí ó bá sì lò ó fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta yóò pa àwọn tí ń gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín. Jẹjẹrẹ ti ṣe ìdájọ́ tán. Kókó nìkan ni ó sọ ìrísí tí kò sọ ìdí. Ṣùgbọ́n kí akọ́mọlédè kíyè sí àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé kókó, kókò, kòkó àti kòkò wà nínú èdè wa, mẹ́ta nínú wọn ni a sì ń bá pàdé nínú ilé ìdáná. Mo ti rí ìwé kan rí tí a kọ láìfi àmì sí i, tí ẹni tí ó kà á fi béèrè bí ọmọ ṣe gbé kòkó mì.

3. Èyí tí ó wọ́pọ̀

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa kókó tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí tí kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1851, ní Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì, dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, rí aràn kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ òkú ènìyàn. Aràn yìí ni a ń pè lónìí ní Schistosoma haematobium. Inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò-ìtọ̀ ká ni takọtabo rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó ní ìdí. Àwọn kan nínú wọn a gún ara àpò-ìtọ̀ lu, wọn a bá ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn a há sínú ara àpò, ara a sì fi ẹran yí wọn ká, bí ìgbà tí ara bá yí ẹ̀gún tí ó ṣẹ́ sínú ẹsẹ̀ ká. Bí ẹyin tí ó há bá pọ̀, ohun tí ó yí wọn ká yóò di kókó tí ó yọrí sínú àpò-ìtọ̀. Lójú ẹ̀rọ, kókó yìí àti jẹjẹrẹ lè jọra gidigidi.

Ajá kò lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí rárá. Inú omi tútù ni ẹyin ti ń pa. Ọmọ tí ó jáde a wọ inú ìgbín kékeré kan tí ń gbé inú omi (kì í ṣe ìgbín tí à ń jẹ), a pọ̀ sí i níbẹ̀, a tún jáde, a sì gba awọ ara wọlé sínú ọmọ tí ó ń wẹ̀ tàbí tí ó ń pọnmi. Lẹ́yìn tí a ṣí ìsédò Odò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, àwọn olùwádìí rí i pé àrùn náà gbilẹ̀ ní àwọn abúlé apẹja tí ó wà létí omi náà. Omi tí kò ṣàn mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá ni ìgbín náà fẹ́.

Orúkọ àrùn yìí ni ó ṣòro. Àtọ̀sí fúnra rẹ̀ jẹ́ àrùn tí à ń kó láti ara ìbálòpọ̀, ajá tí a fi kún un kò sì mú ìtìjú náà kúrò pátápátá, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni. Ìyá tí ó bá gbọ́ àtọ̀sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn níbi tí àwọn mìíràn jókòó sí lè mú ọmọ rẹ̀ padà sílé. Nítorí náà, nínú ìwé ẹ̀kọ́, àrùn aràn àpò-ìtọ̀ ni a dábàá pé kí a máa kọ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe lé orúkọ àtijọ́ kúrò lẹ́nu ẹni tí ń bi aláìsàn léèrè. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà kan ní Ọ̀yọ́ bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ní àrùn aràn àpò-ìtọ̀ rí, bàbá yóò ní rárá. Bí ó bá béèrè àtọ̀sí ajá, bàbá lè sọ ọdún tí ó ṣe é.

4. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n

Nínú àwọn kókó tí kì í ṣe ti aràn, èyí tí ó lágbára jù lọ láti pa ọmọdé ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rhabdomyosarcoma. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sábà máa ń mú bí ó bá jẹ́ ti àpò-ìtọ̀. Ìtọ̀ lè ṣòro fún ọmọ náà láti tọ̀, tàbí kí ó há mọ́ ọn nínú pátápátá; ìsàlẹ̀ ikùn lè le; ẹ̀jẹ̀ lè yọ. Lára ọmọbìnrin, nígbà mìíràn, ohun tí ó ń dán, tí ó ṣù jọ, a yọ sí ojú ara.

Ìtumọ̀ orúkọ yìí fún wa ní wàhálà tí ó tó kí a dúró lé lórí. Ẹran ara tí ń fún tí ó sì ń tú, tí a fi ń rìn tí a fi ń gbé nǹkan, ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí, irú èyí tí a rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí a bá fi awò asọkékeré-dińlá wò ó. Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ ń pe ẹran yìí ní iṣan. Ṣùgbọ́n iṣan kan náà ni a ń lò fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, òun kan náà ni a ń lò fún okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun. Ní ìpín kẹta iṣẹ́ yìí, àwa fúnra wa lo iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí a bá wá pe àrùn yìí ní jẹjẹrẹ iṣan, òǹkàwé yóò rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, yóò sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ́ àrùn mìíràn. A dábàá jẹjẹrẹ ẹran-onílà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ní onílà mú òun rántí àbàjà. Mo ní kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, nítorí pé ìlà lára ni a fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti wá, ìlà inú sẹ́ẹ̀lì yìí náà ni ó ń sọ fún onímọ̀ ibi tí àrùn fi jọ.

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Ẹran tí ó wà lára àpò-ìtọ̀ kò ní ìlà. Irú ẹran tí ń ṣiṣẹ́ láìdúró de àṣẹ wa ni. Báwo ni jẹjẹrẹ ẹran-onílà ṣe wá dé ibẹ̀? Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ni pé láti inú sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà, tí kò tíì yan iṣẹ́ tí yóò ṣe, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti di ẹran onílà, kò sì ṣe é yanjú. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹran àpò-ìtọ̀ ni ó di jẹjẹrẹ.

Irú rẹ̀ kan a máa yọ bí ìdì èso. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ ìdì èso àjàrà ni a fi júwe rẹ̀, orúkọ náà sì ti dúró kárí ayé. Àjàrà kò ṣòro fún ẹni tí ó ka Bíbélì, ṣùgbọ́n àjàrà ojú ìwé kò ń dán, kò sì ń yọ̀. Bí mo bá ń kọ́ni, ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi ìdọ̀tí lẹ́yìn òjò ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé gbogbo ọmọ ló ti rí i. Kí a kọ ẹlẹ́yọ-àjàrà nínú ìwé, kí a sì fi ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ṣàlàyé.

Títí di ìgbà tí ọdún 1970 súnmọ́lé, gígé gbogbo àpò-ìtọ̀ kúrò ni ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀. Ní 1972 ni àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà para pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí àrùn yìí, láti ìgbà náà ni a sì ti ń fi àpapọ̀ oògùn, iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán gbà á là, tí àpò-ìtọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì lọ mọ́. Vincristine wà lára àwọn oògùn náà. Inú òdòdó kan tí ó ti Madagásíkà wá, tí a ń gbìn síwájú ilé níhìn-ín náà, ni a ti rí i. Ohun tí ó mú kí èyí kan ọ̀rọ̀ wa ni pé àkókò ṣe pàtàkì. Àrùn tí ó ní ìtọ́jú ni, bí a bá dá a mọ̀ kí ó tó tàn.

Àwọn yòókù a ó mẹ́nu bà wọ́n lóréfèé. Kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, èyí tí a kò gbọdọ̀ sáré gé nítorí pé ó lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Kókó àwọ̀ inú wà, tí ó máa ń rọra dàgbà lára ọmọdé. Ara àpò-ìtọ̀ tí ó wú tí ó sì nípọn nítorí àrùn mìíràn lè farahàn bíi kókó. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà-ìtọ̀ òkè lè wú bí bàlúùnù sínú àpò. Òkúta wà. Ẹ̀jẹ̀ dídì wà. Kódà, bàlúùnù kékeré tí ó wà lórí rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀ ti tan ẹlòmíràn jẹ.

5. Láti orí rírí dé orí ìdámọ̀

Ìbéèrè ni ó ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe yẹ kí a bi ìyá ọmọ:

(1a) Ẹ jọ̀wọ́, ìyá ọmọ, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń yọ ni, àbí ìgbà tí ìtọ̀ bá kù díẹ̀ kí ó tán?

(1b) Ṣé ọmọ máa ń lọ sí odò? Ta ni ó máa ń bá lọ?

(1c) Ṣé ó máa ń kérora kí ìtọ̀ tó jáde?

Ẹ̀jẹ̀ ìparí ìtọ̀ lára ọmọ ilé-ìwé tí ó ń wẹ̀ lódò mú kí a ronú kan aràn. Ọmọ ọdún méjì tí kò tíì mọ ọ̀nà odò, tí ó ń kérora kí ó tó tọ̀, kò yẹ kí a fi orúkọ kan náà lé lọ sílé. Bí a bá ti ń ronú nínú èdè tí orúkọ méjì péré wà, ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ìtọ̀. Láàrin aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀, àkókò náà sì ni a ń gbà á fún àyẹ̀wò. Rírí ẹyin fi hàn pé aràn wà. Kò fi hàn pé aràn nìkan ni ó wà. Ọmọ kan lè ní àrùn méjì.

Lẹ́yìn náà ni àwòrán. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní sikáànù, orúkọ kan náà ni a sì fi ń pe èyí tí ó ń lo ìtànṣán. Fún èyí tí ó ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, a dábàá àwòrán-ìró. Ó dára kí òbí mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí pé àwòrán-ìró kò ní ìtànṣán kankan nínú, a sì lè tún un ṣe bí ó bá ti yẹ. Àpò-ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún; bí kò bá kún, ara rẹ̀ tí ó ká jọ lè jọ kókó. Kí a sì yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́: òkúta àti ẹ̀jẹ̀ dídì sábà máa ń yí pẹ̀lú rẹ̀, kókó tí ó ní ìdí lára àpò kì í kúrò níbi tí ó wà. Kí a wo kíndìnrín náà, bóyá ìtọ̀ ti ń dá padà sí wọn.

Bí ẹyin aràn bá wà, tí ọmọ sì ti tó ilé-ìwé lọ, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì dí, a lè fún un ní praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n, kí a tún ya àwòrán-ìró lẹ́yìn náà. Kókó aràn lára ọmọdé sábà máa ń súnkì láàrin oṣù mélòó kan. Ìdúró yìí jẹ́ apá kan ìdámọ̀, ó sì yẹ kí ó ní orúkọ. Ìdúró-wò ni a pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ọmọ. Bí kókó bá tóbi, tí ọmọ kéré, tí ìtọ̀ ti ń há, tàbí tí kókó ń dàgbà lẹ́yìn oògùn, kò sí ìdúró-wò mọ́. Kí a gbé ọmọ lọ sí ibi tí a ti lè fi awò-àpò-ìtọ̀ wo inú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní oògùn oorun, kí a sì gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò.

Díẹ̀ tí a gé yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù nínú kíláàsì mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ẹ̀bù. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, ó kúrú, ó dùn-ún pè, ohun tí a gé lára odindi sì ni. Èmi kọ̀ ọ́. Ẹ̀bù ni a gé kúrò lára iṣu kí a lè gbìn ín kí ó lè hù. Ìyá tí ó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ pé abẹ ni yóò mú kí kókó náà tàn kálẹ̀ yóò gbọ́ ẹ̀bù, ìbẹ̀rù rẹ̀ yóò sì di òtítọ́ lójú ara rẹ̀. Ẹ̀rún ni a gbà níkẹyìn: ẹ̀rún-àyẹ̀wò. Ẹ̀rún kì í hù.

Ẹ̀rún-àyẹ̀wò yìí ni a ń wò lábẹ́ awò. Ẹyin ẹlẹ́gùn-ún lè wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ní ìlà lè wà níbẹ̀. Bí ìlà kò bá sì hàn, aró tí ń mú èròjà ẹran-onílà, desmin àti myogenin, fara hàn lè fi í hàn. Níbẹ̀ ni a tó lè sọ pé a ti dá àrùn mọ̀.

6. Ohun tí a ó sọ fún òbí

A ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára ìdámọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àyẹ̀wò ni gbogbo ohun tí a ń ṣe. Ìdámọ̀ ni ìgbà tí a bá tó lè pe orúkọ. Ìpele mẹ́ta ni gbólóhùn wa ní:

(2a) A rí kókó kan nínú àpò-ìtọ̀ ọmọ yín. A kò tíì mọ irú èyí tí ó jẹ́.

(2b) Ó jọ kókó aràn. A ó fún un ní oògùn, kí ẹ sì mú un padà wá kí a tún wò ó.

(2c) Ẹ̀rún-àyẹ̀wò ti dé. Jẹjẹrẹ ẹran-onílà ni. Ó ní ìtọ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́.

Kí ògbufọ̀ má ṣe sọ (2b) di (2c) nítorí kí ọ̀rọ̀ lè kúrú. Nínú ìwé pélébé kan tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, gbólóhùn tí ó bá (2a) mu ni a túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ wà nínú ilé-ìtọ̀ ọmọ. Ọmọ tí ó ní kókó aràn lè di ẹni tí a ń gbé káàkiri nítorí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, nígbà tí oògùn tí yóò mú un sàn wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò tíì yanjú. Kókó tí kì í wọ inú ẹran tí ó yí i ká àti èyí tí ń wọ̀ ọ́ jẹ, kí ni kí a pè wọ́n? Àwọn kan ń kọ aláìléwu àti eléwu, ṣùgbọ́n kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kì í tàn lè ṣẹ̀jẹ̀ pa ọmọ. Àwọn mìíràn ń kọ atàn àti aláìtàn, bẹ́ẹ̀ a lè rí jẹjẹrẹ kí ó tó tàn rárá, ìgbà náà gan-an ni a sì fẹ́ rí i. Ajẹran àti aláìjẹran ni a ń lò fún ìgbà díẹ̀ ná. Ó bá jẹ tí a ń gbọ́ nínú jẹjẹrẹ mu, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ẹran ni aláìsàn kò gbọdọ̀ jẹ. Ìyá kan ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí.